Kí A Tó Ju Okùn Sómi: Ìrìnàjò Lẹ́yìn Ọmọ Ọ́ísítà, Láti Mile 12 Dé Ẹnu Òkun

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sin ọ́ísítà nínú ọ̀sà Èkó, Mile 12 ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ àwàdà létí ẹni tó mọ Mile 12 sí ọjà tómátì, ata rodo, àlùbọ́sà àti iṣu tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya. Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, tó kó Mile 12, Kétu, Ìkòsí, Òjótà, Ògùdù, Agbóyì àti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí pọ̀, kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹran omi iyọ̀ bá délẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èrò tó lé ní 665,000 síbẹ̀. Ilé, ọjà àti títì márosẹ̀ ni ojú àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ṣùgbọ́n odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá kó tó wọ ọ̀sà, omi yìí gan-an ló sì ń pinnu ohun mẹ́ta fún ọ́ísítà tó wà nísàlẹ̀: ibi tó lè gbé, iye oṣù tó lè fi gbé ibẹ̀, àti bóyá ẹran rẹ̀ yóò ṣeé jẹ. Èrò mi ni pé kíkó ọmọ ọ́ísítà jọ fún sísìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùn àti oparun lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé omi náà láti òkè dé ẹnu òkun, tó kàn sáré ra okùn, inú ẹrẹ̀ ló da owó rẹ̀ sí.

Ó yẹ kí a mọ ẹ̀dá tí à ń wí. Ọ́ísítà etí omi wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Crassostrea tulipa, tí àwọn ìwé àtijọ́ sì kọ sílẹ̀ ní Crassostrea gasar, wà káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ara gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ló fẹ́ràn jù, igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ láti ara igi sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Bí omi bá fà, a ó rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n gun orí ara wọn, tí ìkarahun wọn le koko. Abo ń tú ẹyin sómi, akọ ń tú àtọ̀, inú omi ni méjèèjì ti ń pàdé. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, yóò sì máa léfòó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ìgbì máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ ẹsẹ̀ kékeré kan tó fi ń wá ibi líle. Bó bá ti kan gbòǹgbò, òkúta tàbí ìkarahun ọ́ísítà tó ti kú, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì tún ní ṣí kúrò níbẹ̀ títí ayé rẹ̀. Orí àkókò kúkúrú yẹn ni gbogbo iṣẹ́ ìkọ́mọjọ dúró lé. Olùsìn yóò lu ìkarahun àtijọ́ tàbí igbá àgbọn níhò, yóò sín wọn sókùn bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀, yóò wá so okùn náà rọ̀ sábẹ́ oparun tó léfòó. Bó bá tètè gbé e kalẹ̀ jù, ẹrẹ̀, èéhù omi àti àwọn ẹ̀dá onígbá funfun ṣóńṣó tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi yóò ti gba gbogbo ojú ìkarahun náà. Bó bá pẹ́ jù, àwọn ọmọ á ti kọjá lọ. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí omi rẹ̀ ń dára kò lè mọ ọjọ́ tí yóò gbé okùn rẹ̀ kalẹ̀.

Láti Mile 12, odò náà ń gba ẹ̀gbẹ́ Òwódé Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ajégúnlẹ̀ lọ, Ajégúnlẹ̀ ti Kòsọ́fẹ́, kì í ṣe ti Àpápá. Àwọn ará ibẹ̀ kò nílò ìwé kankan kí wọ́n tó mọ agbára omi tó ń bọ̀ lókè. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1983, ojú títì wọn a di odò, ọkọ̀ ojú omi a sì rọ́pò kẹ̀kẹ́. Omi tó ń wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn yẹn, omi dídùn ni, kò ní iyọ̀. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i ni Agbóyì wà, ìlú tí omi yí ká, tí èrò Kétu ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé. Apẹja àti awayanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Bí arìnrìnàjò bá wo etí omi ní agbègbè yìí, igi ògùrọ̀ àti koríko àbàtà ni yóò máa rí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi ẹ̀gbà. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tó hàn sí gbogbo ayé: koríko odò eléwé roboto, olódòdó àlùkò, tó wọ omi Èkó láti apá Bàdágìrì ní 1984. Koríko yìí kò fẹ́ iyọ̀ rárá. Lásìkò òjò, ó máa ń bo ojú ọ̀sà mọ́lẹ̀ débi pé ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi òkun bá ti ń wọlé padà, yóò rọ, yóò sì kú láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà wá sókè. Ibi tí koríko náà bá ti ń tutù yọ̀yọ̀ yíká ọdún, ọ́ísítà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ààlà iyọ̀ láìní ẹ̀rọ, kó tẹ̀lé ibi tí koríko yẹn ti ń kú.

Àwọn kan yóò sọ pé níwọ̀n ìgbà tí igi ẹ̀gbà bá ti wà níbì kan, ọ́ísítà lè wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ẹ̀gbà lè fara da omi dídùn fún ìgbà pípẹ́. Ọ́ísítà ń fẹ́ omi tí iyọ̀ àti omi dídùn pàdé nínú rẹ̀. Bí omi bá dùn jù, yóò pa ìkarahun rẹ̀ dé, kò ní jẹun, kò ní bímọ. Bí ìyà náà bá pẹ́, yóò kú sínú ilé rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀sà Èkó ní sí òkun ni ẹnu èbúté, iyọ̀ rẹ̀ sì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òjò. Láti nǹkan bí Oṣù Kejìlá sí Oṣù Karùn-ún, omi òkun ń rìn jìnnà wọnú ọ̀sà. Láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹ̀wàá tàbí Ìkọkànlá Oṣù, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù ń tì í padà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1966, Sandison tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, Journal of Animal Ecology, lórí bí ìyípadà iyọ̀ ṣe ń kan ìgbé ayé ọ́ísítà ní èbúté Èkó; lọ́dún kan náà, òun àti Hill tún kọ̀wé lórí bí iyọ̀ ṣe ń pín àyè fún ọ́ísítà àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ní èbúté àti àwọn ọwọ́ omi tó yí i ká. Ní 1979 àti 1980, Ajana gbé tirẹ̀ jáde lórí ohun tó ń mú kí ọmọ ọ́ísítà lẹ̀ mọ́ nǹkan nínú ọ̀sà Èkó àti lórí bí wọ́n ṣe ń pa á ní agbègbè náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn jáde. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò mú kàlẹ́ńdà odò kalẹ̀ kó tó mú kàlẹ́ńdà báńkì.

Kàlẹ́ńdà yìí ló jẹ́ kí okùn ìkarahun wúlò ní Èkó ju bí ó ti wúlò níbi tí omi kì í yí padà. Ọmọ tó bá lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí omi òjò tó dé bá a, oṣù mẹ́fà sì lè kéré fún un láti tóbi tó títà. Èyí tó wà lára gbòǹgbò kò ní ibi tó lè sá sí. Èyí tó wà lórí okùn ṣeé tú, ó ṣeé kó sínú ọkọ̀, ó ṣeé gbé lọ sí àwọn ọwọ́ omi tó sún mọ́ òkun, níbi tí odò Ògùn kò ti lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mo rò pé àṣìṣe ni kí a máa wo ìkọ́mọjọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti rí ọ́ísítà púpọ̀ nìkan. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ó sọ ẹ̀dá tí kì í kúrò lójú kan di ohun tó ṣeé kó. Ṣùgbọ́n ìṣípòpadà náà ní owó tirẹ̀: ọkọ̀, epo, àti ọmọ tó ń kú lọ́nà. Bí ibi ìkọ́mọjọ bá jìnnà jù sí ibi ìtọ́jú, tàbí bí ẹni tó ń sin wọ́n kò bá tètè gbọ́ pé wọ́n ti tú omi lókè, okùn kò ní gbà á là.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló dé tí a ò kàn ní mú àdá, kí a gé gbòǹgbò tí ọmọ ọ́ísítà wà lára rẹ̀, kí a gbé e lọ ibi tó wù wá. Ó yá lóòótọ́, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ lónìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbòǹgbò tí a gé kì í tún gba ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ sì ń dín lọ́dọọdún yóò ṣubú, etí omi yóò máa wó, ẹja tó ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ. Okùn ìkarahun ń gba ọmọ tó ń léfòó, tí púpọ̀ nínú wọn ìbá ṣègbé nítorí pé wọn kò rí ibi líle lẹ̀ mọ́. Kò fọwọ́ kan ìyá tó wà lára igi. Ẹni tó bá gé ibi tí ìyá ọ́ísítà ń gbé kó tó wá ọmọ kiri, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbójú lé ẹ̀rọ wá. Wọ́n ní kíkó ọmọ inú odò jẹ́ ọ̀nà àtijọ́, pé ilé ìpọmọ ni ayé ń lò báyìí, níbi tí wọ́n ti ń mú kí ọ́ísítà tú ẹyin sínú ike, tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ náà títí tí yóò fi lẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi iyọ̀ mímọ́, oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn sínú omi fún àwọn ọmọ náà, àti iná mànàmáná tí kì í lọ. Bí iná bá lọ ní òru kan tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, odindi ìran ọmọ kan lè kú. Kì í sì í ṣe òótọ́ pé kíkó ọmọ inú omi jẹ́ ìwà ará àtijọ́: ní Arcachon ní ilẹ̀ Faransé, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi páànù amọ̀ ìbolé tí wọ́n fi ẹfun kùn gba ọmọ ọ́ísítà, títí di ìsinsìnyí sì ni wọ́n ṣì ń gba ọmọ láti inú omi. Sierra Leone gbìyànjú irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó ìwádìí láti Kánádà. Níbi tí omi bá ti dára, òkun fúnra rẹ̀ ni ilé ìpọmọ. Níbi tí omi bá ti bàjẹ́, ilé ìpọmọ pàápàá kò ní rí ibi tí yóò kó ọmọ rẹ̀ sí.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ibẹ̀ ni àtakò sì ti le jù. Bí arìnrìnàjò bá fi Agbóyì sílẹ̀ tó ń bọ̀ lápá Ògùdù, yóò bá ẹnu Odò Ìyá Aláró pàdé, odò tó ń gba àárín àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀rẹ́gùn àti Òjótà kọjá. Ní Òjótà kan náà ni àkìtàn Olúsosùn wà, àkìtàn tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí láti 1992, tó gbà tó ogójì hẹ́kítà, tó sì gbiná ní 2018. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ dé Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí, tí a gba abẹ́ afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990, a ó rí ibi tí lẹ́búlẹ́bú igi láti àwọn ilé ìlagi Òkòbàbà ti máa ń wọ omi tẹ́lẹ̀, a ó sì kọjá ibi tí wọ́n ti da ìgbẹ́ sínú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìddó. Ọ́ísítà kì í dọdẹ oúnjẹ. Omi ló ń fà, ló ń sẹ́, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló sì ń jẹ. Àwọn kan ń yìn ín nítorí èyí pé ó ń wẹ omi mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó sẹ́ kúrò nínú omi, inú ara rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbé. Bí wọ́n bá ní kí a sè é dáadáa, iná yóò pa kòkòrò àrùn. Iná kò lè pa òjé àti àwọn irin olóró yòókù. Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí a sin ọ́ísítà títà sábẹ́ afárá nítorí pé ọ̀pá afárá pọ̀ níbẹ̀. Kí a gba ọmọ níbì kan, kí a sì tọ́ ọ dàgbà níbòmíràn tí a ti yẹ omi rẹ̀ wò nílé àyẹ̀wò, ìyẹn ṣeé gbọ́. Kí a mú u láti inú omi tí a kò yẹ̀ wò lọ sínú abọ́ ọbẹ̀, ìyẹn ìwà ìkà ni.

Bí omi bá dára, tí àsìkò sì pé, ìbéèrè kan ṣì kù: ta ni ó ni ojú omi? Àwọn apẹja ọ̀sà Èkó mọ àkàjà dáadáa, ọgbà igi tí wọ́n ń rì sínú omi kí ẹja lè wá sá sí, àṣà tí wọ́n bá àwọn ará Porto-Novo àti adágún Nokoué ní Benin pín. Ẹni tó bá rí àkàjà mọ̀ pé igi yẹn ní olówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kò ní ògiri. Okùn ọ́ísítà nílò irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé oṣù púpọ̀ ló ń lò nínú omi láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí, yanrìn ni wọ́n ń rọ́ sójú ọ̀sà láti sọ ọ́ di ilẹ̀. Ibi tó jẹ́ omi lónìí lè di ilẹ̀ ìkọ́lé lọ́la, kò sì sí okùn tó lè gba ọmọ lórí iyanrìn gbígbẹ. Ní Gambia, àwọn obìnrin tí ń kó ọ́ísítà dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ ní 2007 lábẹ́ ìdarí Fatou Janha Mboob. Ní 2012, ìjọba Gambia fún ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ lórí kíkó ọ́ísítà ní àbàtà Tanbi, àwọn náà sì gbà láti fi oṣù púpọ̀ lọ́dún sílẹ̀ láìkó, kí wọ́n má sì gé gbòǹgbò mọ́. Ní Densu nítòsí Accra, ètò bẹ́ẹ̀ gba àṣẹ ní 2020. Ohun tí ìtàn méjèèjì fi hàn ni pé ìsinmi fún ọ́ísítà kò ṣeé ṣe àfi bó bá dá ẹni tó ń sinmi lójú pé ẹlòmíràn kò ní wá kó ohun tó fi sílẹ̀. A kì í sọ fún ènìyàn pé kó dúró de ọ̀la nígbà tí ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ará Kòsọ́fẹ́ kan lè sọ pé kí ló kan òun nínú gbogbo èyí. Bí ọ́ísítà kò bá lè gbé ẹ̀gbẹ́ Mile 12, kí ló dé tí ẹlẹ́ran omi tó wà nítòsí òkun fi fẹ́ máa pàṣẹ fún ẹni tó ń ta tómátì? Ìbéèrè náà tọ́. Kò sí ìdájọ́ òdodo nínú kí a ní kí òtòṣì òkè máa tọ́jú omi kí olówó ìsàlẹ̀ lè máa jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ́ísítà ń béèrè lọ́wọ́ Kòsọ́fẹ́: kí tómátì jíjẹrà má bọ́ sínú gọ́tà, kí ìdídò Ọ̀yán kéde kó tó tú omi sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ má da oró sí Odò Ìyá Aláró, kí omi àkìtàn má ṣàn lọ sínú odò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ará Ajégúnlẹ̀ tàbí Ògùdù kò ti máa béèrè fún ara rẹ̀ tipẹ́, nítorí àgbàrá, nítorí onígbáméjì, nítorí òórùn. Ọ̀nà láti ṣe é kò sì ṣókùnkùn: ní ọjà èso Ìkòsí ní Kétu, wọ́n ti gbìyànjú rí láti fi ìdọ̀tí èso ṣe gáàsì tí ń tan iná. Ọ́ísítà kàn fi owó kún ohun tí ìlera ti ń béèrè ni. Iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ fún ará òkè pẹ̀lú: lílu ìkarahun níhò, sísín okùn, dídi oparun, gbígbé okùn láti ibi dé ibi pẹ̀lú ọkọ̀ tí àwọn ará Agbóyì mọ̀ ọ́n wà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìkarahun òfìfo náà kò ṣòfò. A máa lọ̀ ọ́ fún oúnjẹ adìyẹ, a sì máa sun ún di ẹfun.

Nígbà tí ìrìnàjò yìí bá dé ẹnu òkun, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń wọ èbúté, omi odò Ògùn ti pàdé iyọ̀ tó ń wá. Ẹ̀rí tí a kó bọ̀ lọ́nà kò ní kí a má sin ọ́ísítà ní Èkó. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà ní ètò tí a kò lè fi èyí tó kẹ́yìn ṣíwájú. Kí ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ fi odindi ọdún kan wọn iyọ̀ omi ní ibi mélòó kan, láti Agbóyì dé èbúté. Kó so okùn díẹ̀ rọ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan láti mọ oṣù tí ọmọ ń lẹ̀ jù. Kó gbé omi àti ẹran lọ sílé àyẹ̀wò. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí òkun, NIOMR, wà ní Victoria Island láti 1975. Kó gba ìwé ẹ̀tọ́ sí ojú omi. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kó tó ra okùn púpọ̀. Mo sì ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti gbogbo àwọn tí ń yáni lówó fún iṣẹ́ ọ̀sìn omi: ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sin ọ́ísítà àfi tó bá kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ omi ọdún kan wá. Ẹni tó bá ní òun kò ní sùúrù ọdún kan, ẹ jẹ́ kó lọ wá ọ̀sìn mìíràn ṣe.